Ìlú Wo La Ó Kọ́kọ́ Dé? Lẹ́tà Yín lórí Hólidé Rélùwéè

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, àmọ́ mẹ́ta nínú wọn jọra débi pé àwọn nìkan ni mo máa dá lóhùn. Ẹni mẹ́ta yìí fẹ́ kó ìdílé wọn wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n fẹ́ dé ìlú bíi mélòó kan kí wọ́n tó padà sílé, ibì kan náà ni gbogbo wọn sì há sí: èwo la ó fi ṣáájú, èwo la ó fi kẹ́yìn? Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká mi lára, torí mo ti rí hólidé tó bàjẹ́ láìsí pé owó tán, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣàìsàn, bí wọ́n ṣe to ìlú yẹn tẹ̀léra nìkan ló bà á jẹ́.

Lẹ́tà kìíní

Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Kàbbà ni mo ti ń kọ̀wé. Àwa mẹ́fà la fẹ́ lọ hólidé lóṣù kẹjọ: èmi, ìyàwó mi, àkọ́bí wa obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 13, àwọn ìbejì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 8, àti màmá mi tí wọ́n ti pé 71. Ọjọ́ 10 la ní. Bí mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ nìyí: Lọ́kọ́jà, Ìbàdàn, Èkó, Abẹ́òkúta, Bìní, Wàrí, ká wá wọ rélùwéè láti Wàrí bọ̀ ní Itakpe. Ìyàwó mi ní ṣe ni mò ń kó wọn lọ kó wọn bọ̀ bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù, pé Itakpe ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Màmá mi ní Olúmọ ṣáá làwọn fẹ́ rí o, ibi yòówù tá a bá gbé e sí. Ẹ bá wa dá sí i, alaalẹ́ la fi ń sọ ọ́ nílé wa báyìí.
Bàbá Ìbejì, Kàbbà

Ìdáhùn

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ bá mi kí Màmá gan-an. Ìyàwó yín ló jàre, ẹ má bínú. Àwọn ìlú tẹ́ ẹ mú dáa, bẹ́ ẹ ṣe tò wọ́n ni ò dáa. Ẹ tiẹ̀ wò ó: láti Ìbàdàn, ẹ ó gba ojú irin kọjá l'Ábẹ́òkúta lọ s'Ékòó, ẹ ó wá ṣẹ́rí padà wá s'Ábẹ́òkúta yẹn kan náà, kẹ́ ẹ tó tún máa wá ọ̀nà sọ̀kalẹ̀ lọ sójú títì Bìní. Pẹ̀lú ìbejì, pẹ̀lú ìyá ẹni ọdún 71, pẹ̀lú gbogbo ẹrù tẹ́ ẹ máa gbé dání. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kọ́ ló ń dùn mí níbẹ̀, ọjọ́ ni. Ọjọ́ 10 ò pọ̀, ọ̀nà téèyàn bá sì rìn lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ ló ń jẹ.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ojú irin méjèèjì tẹ́ ẹ fẹ́ gbà yìí ò pàdé níbì kankan. Ti ọ̀dọ̀ wa níbí, Itakpe ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba Ajaokuta, ó gba Agenebode tó kọjú sí Idah lódìkejì odò Ọya, ó gba Uromi, ó gba Agbor, ó gba Abraka, kó tó dé Ujevwu lẹ́bàá Wàrí. Kìlómítà 326 ni. Ọdún 1987 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀, nítorí òkúta irin Itakpe àti iléeṣẹ́ irin Ajaokuta ni wọ́n sì ṣe dá a sílẹ̀, àmọ́ oṣù kẹsàn-án ọdún 2020 ni wọ́n tó wá ṣí i. Ti Èkó sí Ìbàdàn ní tiẹ̀, Ẹ̀bùté Mẹ́ta ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba Agége, ó gba Abẹ́òkúta, ó parí sí Mọ́níyà n'Íbàdàn, kìlómítà 157, oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ìyẹn. Láàrin Wàrí sí Èkó, kò sí rélùwéè tó máa gbé yín, mọ́tò lẹ máa wọ̀. Ìbàdàn sí Kàbbà náà, mọ́tò ni.

Tẹ́ ẹ bá ti rí i bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Kàbbà, Itakpe, Wàrí, Bìní, Èkó, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Kàbbà. Òbìrìkìtì ni. Ẹ ò ní tẹ ojú ọ̀nà kankan lẹ́ẹ̀mejì, Olúmọ tí Màmá ń wí sì bọ́ sáàrin ojú irin Èkó sí Ìbàdàn fúnra ẹ̀, ẹ ò tiẹ̀ ní yà kúrò lọ́nà nítorí ẹ̀.

Ó ku apá ibi tẹ́ ẹ ó kọjú sí. Ẹnìkan lè ní ká yí òbìrìkìtì yẹn padà, ká fi mọ́tò bẹ̀rẹ̀ lọ s'Íbàdàn, ká wá fi rélùwéè Wàrí parí, torí pé ìjókòó rélùwéè á tu Màmá lára nígbà tó bá ti rẹ̀ wọ́n. Mo rò ó dáadáa, mi ò fara mọ́ ọn. Ọkọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ ní Itakpe ò pọ̀ lóòjọ́, tó bá fi yín sílẹ̀, ọjọ́ yẹn lọ nìyẹn. Tó bá wá fi yín sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ilé ò jìnnà, ẹ ó padà lọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì yín, ilẹ̀ ọjọ́ kejì á mọ́, ẹ ó tún lọ. Àmọ́ tó bá fi yín sílẹ̀ ní Wàrí lọ́jọ́ kẹwàá, tówó ti ń tán lọ lápò, tí wọ́n ń retí yín níbi iṣẹ́, ẹ ó rí i pé ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ìdí kejì ni pé tẹ́ ẹ bá fi Itakpe parí, tí ọkọ̀ wá pẹ́ lọ́nà, Itakpe nilẹ̀ máa ṣú yín sí, ó sì ṣì ku kẹ́ ẹ gba Òkéné wá sí Kàbbà. Gbogbo wa la mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí lásìkò yìí, mi ò ní máa tún un sọ. Kí ilẹ̀ má ṣú yín sójú títì, bẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Bí èmi ṣe máa ń ṣe é ni pé ohun tí ò ṣe é sún ni mo máa ń kọ́kọ́ kàn mọ́lẹ̀, màá wá to ìyókù yí i ká. Tiyín, mẹ́ta ni: ọjọ́ tẹ́ ẹ máa wọ rélùwéè n'Itakpe, àárọ̀ tí Màmá máa gun Olúmọ, àti ọjọ́ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti délé. Àwọn ìlú tó kù á fàyè sílẹ̀ fún mẹ́ta yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ yọ Lọ́kọ́jà kúrò pátápátá. Mo mọ̀ pé Òkè Pàtí dára, mo mọ bó ṣe máa ń rí téèyàn bá dúró lókè ẹ̀ tó ń wo ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé, àmọ́ Lọ́kọ́jà ò ní sá lọ, Sátidé kan tó fún un láti Kàbbà.

Ká wá mú un lálẹ́ lálẹ́. Wàrí alẹ́ kan, Bìní alẹ́ méjì, Èkó alẹ́ mẹ́ta, Abẹ́òkúta alẹ́ méjì, Ìbàdàn alẹ́ kan. Mẹ́sàn-án nìyẹn, ọjọ́ kẹwàá lẹ délé. Ẹ ó rí i pé mi ò jẹ́ kí alẹ́ kan ṣoṣo pọ̀ níbẹ̀, ó sì nídìí. Nígbà táwọn ọmọ tèmi ṣì kéré, mo kó wọn rin ìlú mẹ́rin ní alẹ́ mẹ́rin, mo rò pé mo gbọ́n, mo ní a ó rí nǹkan púpọ̀. Àràárọ̀ là ń di báàgì, alaalẹ́ là ń tú u, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ẹnìkan ń bọ́ sílẹ̀ ní gbogbo hòtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tá a dé ìlú kẹta, àbíkẹ́yìn mi dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó gbá bàtà ẹ̀ mọ́ àyà, ó ní òun ò wọlé, pé tóun bá wọlé, a ó tún ní kóun jáde. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ níbẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Látìgbà yẹn, alẹ́ méjì ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ìlú yòówù tí mo bá fẹ́ káwọn ọmọ rántí, tó bá sì jẹ́ alẹ́ kan la máa sùn, a jẹ́ pé a kàn ń kọjá níbẹ̀ ni.

Wàrí tiyín, ẹ kàn ń kọjá ni, ẹ sùn, ẹ jẹun, tílẹ̀ bá mọ́ kẹ́ ẹ máa lọ sí Bìní, kò jìnnà rárá. Bìní lẹ ó ti sinmi. Mùsíọ́ọ̀mù wà láàárín ìlú gan-an ní Ring Road, òpópónà Igun táwọn alágbẹ̀dẹ idẹ wà ò sì jìnnà síbẹ̀. Ẹ jẹ́ káwọn ìbejì dúró dáadáa níbẹ̀, ẹ má kánjú. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ère idẹ, ìda oyin ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi ya ère ọ̀hún ní kíkún, imú ẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ẹ̀, gbogbo ẹ̀, wọ́n á wá fi amọ̀ bò ó, wọ́n á yan amọ̀ yẹn nínú iná títí ìda á fi yọ́ ṣàn jáde, ibi tí ìda fi sílẹ̀ yẹn ni wọ́n á wá da idẹ gbígbóná sí, tó bá tutù wọ́n á fọ́ amọ̀ yẹn dànù. Amọ̀ yẹn ò ṣe é lò mọ́, ìdí nìyẹn tí ère kan ò fi jọ ìkejì délẹ̀délẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ máa lóye ẹ̀ tó bá fojú ara ẹ̀ rí i.

Bìní sí Èkó ló le jù nínú gbogbo ìrìn yìí, odidi ọjọ́ kan sì ni kẹ́ ẹ fún un, ìdí nìyẹn tí mo fi alẹ́ méjì síwájú ẹ̀, tí mo fi alẹ́ mẹ́ta sẹ́yìn ẹ̀. Ẹ tètè jáde láàárọ̀. Tẹ́ ẹ bá dé Èkó, apá Ẹ̀bùté Mẹ́ta, Yábàá tàbí Sùúrùlérè ni kẹ́ ẹ wá ibi sùn sí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Lẹ́kí tàn yín torí òkun, torí àárọ̀ tẹ́ ẹ máa wọ rélùwéè, ẹ ò ní fẹ́ kí gosíló orí bíríjì ká yín mọ́. Nínú ọgbà rélùwéè tó wà ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta yẹn náà, ilé àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Jaekel House, ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ, ohun èlò rélùwéè àtijọ́ ni wọ́n kó síbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ débẹ̀ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ tuntun lọ́jọ́ kejì ẹ̀.

Lójú irin yìí, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó sí Ìbàdàn kẹ́ ẹ wá rò pé ẹ lè bọ́ọ́lẹ̀ l'Ábẹ́òkúta kẹ́ ẹ tún fi òun kan náà wọ ọkọ̀ lọ́tùn-únla. Ẹ ra Èkó sí Abẹ́òkúta lọ́tọ̀, ẹ ra Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn lọ́tọ̀. Ibùdókọ̀ Abẹ́òkúta tí wọ́n sọ lórúkọ Wọlé Ṣóyínká, Láderin ló wà, kì í ṣe àárín ìlú, torí náà ẹ fi owó táksí sínú ìṣirò yín. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dé, ẹ jẹ́ kí Màmá sinmi. Àárọ̀ ọjọ́ kejì kí oòrùn tó mú ni kẹ́ ẹ lọ sí Olúmọ, àtẹ̀gùn wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè náà wà, ẹ bi wọ́n lẹ́nu ọ̀nà bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn kí Màmá tó gbé ẹsẹ̀ kankan sókè.

N'Íbàdàn, ẹ gbọ́ ohun tó ṣe mí. Mo gba hòtẹ́ẹ̀lì sí Challenge torí pé ó dínwó, ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ la wọ̀, Mọ́níyà la sì bọ́ọ́lẹ̀ sí, ìyẹn ni pé ìpẹ̀kun Ìbàdàn kan la wà, ìpẹ̀kun kejì la fẹ́ lọ. Gbogbo ilé ló ti sùn lọ nínú táksí ká tó débẹ̀, èmi nìkan ló lajú sílẹ̀ tí mò ń di báàgì mú. Ẹ sùn sí apá Mọ́níyà, Ọ̀jọ́ọ̀ tàbí Bódìjà. Ó tún ní àǹfààní kan, torí apá ibẹ̀ yẹn náà lẹ ó ti bọ́ sọ́nà ilé láàárọ̀ kùtù tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Òmù-Àrán, Ẹ̀gbẹ̀, Ìsánlú àti Mọ̀pà wọ Kàbbà. Ọ̀nà kejì ni kẹ́ ẹ gba Ifẹ̀ àti Iléṣà lọ s'Ékìtì, kẹ́ ẹ gba Ọ̀mùò já sí Ìjùmú. Èmi ò ní yan èwo ló dáa fún yín látibí, ẹ bi àwọn dírẹ́bà tó ń ná ọ̀nà méjèèjì lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, wọ́n mọ̀ ju èmi àti ẹ̀yin lọ.

Ohun kékeré méjì tó kù. Àsìkò tí ọkọ̀ ń gbéra máa ń yí padà, torí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ máa lọ, kì í ṣe lóṣù tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ ètò. Kẹ́ ẹ sì fún àkọ́bí yín ní ìwé kan kó kọ ìlú, ọjọ́ àti àsìkò ọkọ̀ sínú ẹ̀, kó máa jẹ́ òun lẹ ó máa bi. Ọmọ ọdún 13 tí wọ́n bá fún ní irú iṣẹ́ yìí kì í ráyè fajú ro.

Lẹ́tà kejì

Àǹtí, okun o. Ọmọ Ìyàrà ni mí, nọ́ọ̀sì ni mí ní Leeds. Bàbá àti ìyá mi ń bọ̀ wá kí wa láti ilé ní sọ́mà tó ń bọ̀, èmi àti ọkọ mi sì fẹ́ kó wọn pẹ̀lú àwọn ọmọ wa méjì, ọdún 10 àti ọdún 6, wọ rélùwéè yí Yúróòpù ká fún ọjọ́ 9. Ohun tí mo kọ ni Lọ́ńdọ̀nù, Párísì, Róòmù, Berlin, Amsterdam, alẹ́ méjì méjì ní ìlú kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn Lọ́ńdọ̀nù. Pasipọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni gbogbo wa ní. Ṣé bí mo ṣe tò ó yẹn dáa, físà orílẹ̀-èdè wo la ó sì gbà?
Ọmọ Ìyàrà, Leeds

Ìdáhùn

Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́ aláìsàn o, ó sì dùn mọ́ mi pé ẹ rántí Bàbá àti Màmá. Físà lẹ fi kẹ́yìn lẹ́tà yín, èmi máa fi ṣáájú, torí fún àwa tá à ń lo pasipọ́ọ̀tù tiwa yìí, físà ló ń to ìlú. Físà UK ò lè mú ẹnikẹ́ni nínú yín wọ Faransé, físà Schengen, ìyẹn físà kan tó wà fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù lápapọ̀, ni gbogbo yín máa gbà. Òfin ibẹ̀ ni pé orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ ti máa pẹ́ jù lẹ ó bẹ̀, tí alẹ́ bá wá dọ́gba, èyí tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ wọ̀ ni. Bẹ́ ẹ ṣe pín alẹ́ méjì méjì yẹn, kò sí orílẹ̀-èdè kankan tó ṣe kedere pé òun lẹ torí ẹ̀ ń bọ̀, ẹni tó ń wo fọ́ọ̀mù yín á sì máa wá ibi tẹ́ ẹ dojú kọ. Ẹ jẹ́ kí ìlú kan ní alẹ́ tó pọ̀ ju ti gbogbo ìyókù lọ, kó sì jẹ́ òun náà lẹ máa kọ́kọ́ wọ̀, kò ní sí àríyànjiyàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé UK, UK lẹ ó ti gbà á. Bàbá àti Màmá tí wọ́n ń gbé Nàìjíríà, kí wọ́n gbà á láti ilé kí wọ́n tó wọ bàálù, ẹ má sọ pé tí wọ́n bá dé Leeds ẹ ó wá ṣe é. Kẹ́ ẹ sì wo físà UK tiwọn dáadáa pé ó gbà wọ́n láyè láti tún padà wọlé lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá jáde.

Ó wá ku ìlú. Ẹ yọ Róòmù. Mo mọ̀ pé ó lè jẹ́ òun ni Màmá fẹ́ jù, tó bá rí bẹ́ẹ̀ ẹ gbé gbogbo ìrìn náà lọ sí Ítálì lọ́tọ̀, ẹ fò lọ síbẹ̀, ẹ máa wọ rélùwéè láàárín ibẹ̀, Róòmù sí Florence ò ju bíi wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Àmọ́ láti Párísì dé Róòmù lójú irin, odidi ọjọ́ kan ni, láti Róòmù sí Berlin tún burú ju ìyẹn lọ. Ọjọ́ 9 tẹ́ ẹ ní, méjì àbí mẹ́ta nínú ẹ̀ lẹ ó fi jókòó. Berlin náà, ẹ yọ ọ́, Cologne ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò ẹ̀ torí Jámánì náà ni, ọ̀nà yín ló sì wà.

Ẹ wo òbìrìkìtì yìí. Leeds sí Lọ́ńdọ̀nù, King's Cross lẹ ó bọ́ọ́lẹ̀ sí, St Pancras tí ọkọ̀ Párísì ti ń gbéra sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ gan-an, Bàbá lè fẹsẹ̀ rìn ín. Lọ́ńdọ̀nù sí Párísì, bíi wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú. Ẹ sun alẹ́ mẹ́rin ní Párísì. Párísì sí Amsterdam, wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀, alẹ́ méjì. Amsterdam sí Cologne, bíi wákàtí mẹ́ta, alẹ́ méjì. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, Cologne sí Brussels, bíi wákàtí méjì, Brussels sí Lọ́ńdọ̀nù, bíi wákàtí méjì náà. Ẹ ò tún Párísì rí mọ́, ẹ ò sì rìn ju wákàtí mẹ́rin lọ lójú irin lọ́jọ́ kankan yàtọ̀ sọ́jọ́ tẹ́ ẹ jáde nílé àti ọjọ́ tẹ́ ẹ padà. Faransé lẹ kọ́kọ́ wọ̀, Faransé lẹ ti pẹ́ jù, Faransé lẹ ó bẹ̀ fún físà.

Gare du Nord ni ọkọ̀ tó gbé yín dé Párísì ti máa sọ̀ yín kalẹ̀, ibẹ̀ náà ni ti Amsterdam ti ń gbéra, torí náà ibi yòówù tẹ́ ẹ bá sùn sí, kó jẹ́ pé ọkọ̀ abẹ́lẹ̀ kan ṣoṣo ló máa gbé yín débẹ̀ láìsí pé ẹ̀ ń pààrọ̀. Ẹ má sì pẹ́ dé St Pancras, kì í ṣe bí ọkọ̀ Leeds téèyàn ń sá wọ̀, wọ́n máa yẹ báàgì yín wò, àwọn ará Faransé fúnra wọn máa wo pasipọ́ọ̀tù yín níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, bẹ́ẹ̀ aago Párísì fi wákàtí kan ṣáájú ti Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo ìwé tẹ́ ẹ fi gba físà, hòtẹ́ẹ̀lì, tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà, ẹ kó o sínú fáìlì kan, kó wà lọ́wọ́ yín, kó má lọ wà nísàlẹ̀ báàgì.

Ìdí tí mo fi fi Cologne sẹ́yìn nìyí. Nígbà yẹn, ó ti máa rẹ Bàbá. Ní Cologne, téèyàn bá ti jáde ní ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ báyìí, kàtídírà ńlá, ìyẹn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ìlú náà, ló dúró síwájú ẹ̀, ilé gogoro ẹ̀ ga tó mítà 157, ọdún 1248 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀, ọdún 1880 ni wọ́n tó parí ẹ̀. Bàbá lè jókòó síbẹ̀ kí wọ́n máa wò ó láìwọ bọ́ọ̀sì kankan, káwọn ọmọ máa sáré yí wọn ká. Ìlú tó ń béèrè ẹsẹ̀ púpọ̀, ẹ fi síwájú, èyí tó ń fúnra ẹ̀ wá bá èèyàn, ẹ fi í sẹ́yìn.

Lórí owó, ọmọ tí ò tíì pé 12 kì í sanwó páàsì Interrail (tíkẹ́ẹ̀tì kan téèyàn fi ń wọ ọ̀pọ̀ rélùwéè ní Yúróòpù) tó bá bá àgbà rìn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé UK ni Interrail sì wà fún, Eurail ni ti Bàbá àti Màmá torí Nàìjíríà ni wọ́n ń gbé. Àmọ́ fún ìwọ̀nba ọkọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ yìí, tíkẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ téèyàn bá tètè rà lè dínwó ju páàsì lọ. Ẹ ṣírò méjèèjì kẹ́ ẹ tó sanwó.

Lẹ́tà kẹta

Àǹtí, ẹ ṣé tẹ́ ẹ̀ ń dá wa lóhùn. Tíṣà ni mí n'Ẹ́gbẹ̀, ọmọ mẹ́ta ni mo ní, ọdún 12, ọdún 9 àti ọdún 5, èmi nìkan ni màá kó wọn lọ. Ọjọ́ márùn-ún péré la ní, owó mi ò sì pọ̀, Ìbàdàn sí Èkó lójú irin nìkan la fẹ́ ṣe. Ṣé ká sùn n'Íbàdàn, ká sùn l'Ábẹ́òkúta ká tó dé Èkó, àbí ká kàn lọ tààrà?
Màmá Ẹlẹ́ni Mẹ́ta, Ẹ̀gbẹ̀

Ìdáhùn

Màmá wa, ẹ lọ tààrà. Tiyín yàtọ̀ sí ti Bàbá Ìbejì torí kò sí òbìrìkìtì níbẹ̀, ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà lọ lẹ máa gbà bọ̀. Nírú ẹ̀, ibi tó jìnnà jù lèèyàn ń kọ́kọ́ sáré dé, á wá máa fi ìsinmi bọ̀. Lílọ yẹn, ara àwọn ọmọ ń yá, ojú wọn ń lọ sókè sódò, kò sóhun tó ń rẹ̀ wọ́n. Bíbọ̀ ni wọ́n ń sunkún.

Ọjọ́ kìíní, ẹ gba Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ wọ Ìbàdàn, ẹ sùn sí tòsí Mọ́níyà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri. Ọjọ́ kejì, rélùwéè àárọ̀ tààrà s'Ékòó. Alẹ́ méjì níbẹ̀. Ọjọ́ kẹrin, rélùwéè àárọ̀ padà s'Íbàdàn, oòrùn á ṣì wà lókè tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ kó wọn lọ sí ọgbà ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀nà ibẹ̀ ni Mọ́níyà. Ọjọ́ karùn-ún, ilé. Abẹ́òkúta, pẹ̀lú ọmọ ọdún márùn-ún àti ẹnìkan ṣoṣo tó ń di gbogbo ọwọ́ mú, ẹ fi sílẹ̀ dìgbà míì, wọ́n á rí ìwọ̀nba tí wọ́n bá rí lójú fèrèsé.

Bàbá mi máa ń sọ fún wa pé nígbà tiwọn, Ọ̀fà làwọn ará ọ̀dọ̀ wa ti máa ń lọ wọ rélùwéè tí wọ́n bá ń lọ s'Ékòó, pé wọ́n á ti di ẹ̀kọ àti àkàrà sínú aṣọ, wọ́n á sùn sínú ọkọ̀, wọ́n á jí sínú ọkọ̀. Ọdún 1901 ni rélùwéè àtijọ́ yẹn ti dé Ìbàdàn láti Èkó, kó tó gòkè wá bá Ọ̀fà. Ẹ sọ ọ́ fún àgbà nínú wọn, torí ẹ̀gbẹ́ ojú irin àtijọ́ yẹn ni tuntun yìí ń gbà kọjá níbi púpọ̀, kó máa wò ó bóyá á rí i. Ẹni ọdún mẹ́sàn-án, kó di tíkẹ́ẹ̀tì mú títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni ọdún márùn-ún ni kẹ́ ẹ fún ní ìdí fèrèsé, ní lílọ àti ní bíbọ̀, kí àwọn tó kù má bínú.